Fàdákà Késárì ní Jenfeld

Òórùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì wà nímú mi dòní: òórùn pákó àtijọ́, ti kọfí tó ti tutù, àti ti irin wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ èèyàn ti ń pa lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Spandau ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní òpópónà tóóró kan tí mọ́tò kì í gbà, ní àdúgbò tí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí Berlin bí wọ́n bá fẹ́ wọ U7, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bí ẹni pé Berlin kọ́ ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Owó àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kì í ṣe owó tí èèyàn lè fi ra búrẹ́dì o. Owó àwọn òkú ni, ti Gíríìkì, ti Róòmù, ti àwọn ọba tí orúkọ wọn kò rọ ahọ́n lọ́rùn. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, èmi sì ni òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n máa nu gíláàsì, kí n máa gbá ilẹ̀, kí n sì máa bá wọn gbé àpótí tó bá wúwo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń ròyìn iṣẹ́ yìí fáwọn ará ilé lórí fóònù, ẹ ó rò pé èmi ni gómìnà báńkì àgbà ti ìlú Róòmù.

Kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín: ẹnu mi kì í sinmi nígbà náà. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹnu lọ́run, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tò. Ohun tí mo mọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀, mo tún máa ń sọ ọ́, kí ẹlòmíì má baà gba ipò mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí i pé ọ̀pọ̀ fàdákà tó wà níbẹ̀ ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Nílé wa, bí abọ́ bá dúdú, ẹni tó ni abọ́ ló dọ̀tí. Mo bá lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo mú iyọ̀, mo jókòó, mo ń fọ owó Késárì bí ẹni ń fọ ṣíbí àlejò. Igbe tí bàbá náà ké nígbà tí wọ́n wọlé, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Wọ́n ní dúdú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀, pé bí mo bá fọ ọjọ́ orí owó kúrò lára rẹ̀, irin lásán ló kù. Èmi náà ò jẹ́ kó tán síbẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́. Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má lé mi lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bó bá kan fàdákà Róòmù. Wọ́n kọ́ mi pé owó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní denarius, tí kò fẹ̀ ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, òun sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà láyé ìgbà náà. Wọ́n kọ́ mi bí àwọn Késárì ṣe ń dín fàdákà inú rẹ̀ kù lábẹ́lẹ̀, bí ẹlẹ́mu tó ń bomi lu ẹmu, títí tó fi jẹ́ pé bàbà ni, wọ́n kàn fi fàdákà kùn ún lójú lásán ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà fi máa ń fi irin gé etí owó wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá fàdákà dé inú. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí débi pé ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ibi tí mo ti máa ń rí ẹni tó fara da ẹnu mi ni àdúgbò Kreuzberg, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ránṣọ. A ò bá ara wa tan, ṣùgbọ́n ní òkè òkun, ẹni tó bá ti lè bá èèyàn wí ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti rí ọmọbìnrin kan tó wá láti Hamburg, tó wá gba ìró àti bùbá tí ìyá rẹ̀ fún wọn rán. Hamburg ni wọ́n bí i sí, àdúgbò Jenfeld níbẹ̀ ló dàgbà sí. Bí èèyàn bá fi Yorùbá kí i, á kúnlẹ̀ dáadáa, á ní "ẹ káàsán, sà," lẹ́yìn náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kù, Jámánì ni. Mo sọ ìtàn owó tí wọ́n gé létí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó ní, "Du redest aber viel." Ó ní mo mà ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì ti fẹ́ parí. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Regionalbahn lọ sí Hamburg, nítorí pé ọkọ̀ tó ń yára kọjá agbára mi, èyí tí mo ń wọ̀ sì máa ń dúró kí gbogbo igi tó wà lọ́nà. Nígbà tó rí iṣẹ́ sí ọsibítù kan ní Berlin, a fohùn ṣọ̀kan pé a ó fẹ́ ara wa. Ó kù ká lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Bàbá rẹ̀ ń kó mọ́tò àlòkù àti àgbá ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, alàgbà ni wọ́n sì jẹ́ nínú ìjọ wọn. Ìyá rẹ̀ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé gogoro tí wọ́n ń gbé. Àwọn méjèèjì kò tíì rí mi rí ju ojú fóònù lọ.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kí ni èmi tó ń nu gíláàsì fẹ́ gbé síwájú ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù? Ẹ̀gbọ́n télọ̀, tí wọ́n gbà láti dúró bí ẹbí mi, ti fún mi ní ìmọ̀ràn tó péye. Wọ́n ní, "Gbé iṣu, gbé èso, gbé ohun mímu lọ. Kó o dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́. Èmi ni kó o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Ìmọ̀ràn tó dùn ni, ṣùgbọ́n ta ló fi iṣu ṣe ọkùnrin rí? Ohun tí gbogbo ayé ń gbé lọ ni.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá oníṣọ́ọ̀bù ti ọsibítù dé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ìbàdí, èmi ni mo sì ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n fi gbádùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó, wọ́n ṣí àpótí kan, wọ́n mú denarius kan jáde tí wọ́n ti gé létí. Wọ́n ní àwọn oníbàárà kì í fẹ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n fàdákà dé inú rẹ̀, ẹni tó gé e ti rí i. Wọ́n ní kí n lọ fi fún ọmọbìnrin náà. Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀. Orí Késárì wà ní iwájú, imú gígùn, ewé lórí. Obìnrin kan jókòó ní ẹ̀yìn, ó mú ẹ̀ka igi lọ́wọ́. Bàbá ní Késárì yẹn ló wà lórí oyè nígbà tí Jésù ń rìn kiri Gálílì, pé irú owó yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n gbé wá fún un, tó fi bi wọ́n pé àwòrán ta nìyí. Hẹn-ẹ́n! Mo fò sókè. Alàgbà ìjọ ni bàbá ìyàwó mi! Èwo ni kí n fún ọmọbìnrin? Bàbá rẹ̀ ni mo máa gbé e fún. Iṣu á tijú.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, ní ọ̀sán. Ilé náà kún fún òórùn dòdò, àga wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ẹ̀gbọ́n télọ̀ sọ̀rọ̀ bí àgbà, wọ́n ní a rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn tó wù wá já. Bàbá ìyàwó rẹ́rìn-ín, ìyá ìyàwó rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Jámánì rí. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ ni, à bá ti jẹun tán ká máa lọlé. Ṣùgbọ́n mo dìde. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ fà mí láṣọ, mo já ara mi gbà. Mo mú àpótí aláràn-án kékeré tí mo fi owó náà sí jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ o. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù, mo gba Jerúsálẹ́mù, mo ya Gálílì. Mo ní ohun tí mo gbé wá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní Hamburg, pé fàdákà tó ti wà láyé kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó dáyé ni. Bàbá ìyàwó gba owó náà, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ló dé tó dúdú? Ṣé wọn ò fọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ má fọ̀ ọ́ o, sà. Dúdú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀."

"Ọjọ́ orí rẹ̀," ni wọ́n tún wí, wọ́n sì rọra fi í sínú àpò àyà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ojú. Mo rí i pé mo ti wọlé.

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó gbójú sókè. "Ẹ dúró ná. Fàdákà lẹ pè é?"

"Fàdákà gidi ni, mà."

"Ti àwọn ará Róòmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ní ìgbà ayé Jésù?"

"Ìgbà ayé Jésù gan-an, mà!" Inú mi ń dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti ń wọ̀ wọ́n lára.

Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe irú rẹ̀ ni Júdásì gbà?"

Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, á ní kí wọ́n má bínú. Èmi tí mo ti ka gbogbo àkọlé tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Spandau, mo rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Èyí kọ́. Ti Júdásì tóbi ju èyí lọ dáadáa. Ẹyẹ idì ló wà lẹ́yìn tiwọn."

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ìyá ìyàwó wò mí tìyanu-tìyanu. "O mọ bó ṣe tóbi tó?" ni wọ́n bi mí. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Bàbá ìyàwó tẹ̀lé wọn, wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a máa lọ ná, pé àwọn ó ránṣẹ́ pè wá. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n télọ̀ jókòó sí àga ọ̀tọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Berlin. Wọ́n wá ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà nínú rẹ̀ o." Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹyẹ idì fún wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè wá. Ìyàwó mi ló pè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni ìyá òun ti ń sunkún, kò sì sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó ní òun ò gba ọ̀rọ̀ Júdásì gbọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ìyá òun, òun gbà á gbọ́. Ó wá sọ ọ́ ní Jámánì, ní ṣókí, "Ohne Mama nicht." Láìsí ìyá rẹ̀, kò sí ìgbéyàwó. Ó ní bí mo bá ní ọ̀rọ̀ tó lè tún un ṣe, kí n wá a, bí mi ò bá sì ní, kí n má pe òun mọ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì jókòó sórí ibùsùn. Ká sòótọ́, mo sunkún. Mo fẹ́ràn ọmọ náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn ohùn ara mi lọ, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ gbọ́ ohun tí olóye wá ṣe. Mo yá ìwé ńlá kan lọ́wọ́ bàbá oníṣọ́ọ̀bù, ìwé tó ní àwòrán gbogbo owó fàdákà ilẹ̀ Róòmù àti ti àwọn ìlú tó yí i ká. Mo fi bébà sí ojú ewé tí owó mi wà, mo fi òmíràn sí ojú ewé tí irú èyí tí wọ́n rò pé Júdásì gbà wà. Mo gbé ìwé náà lé itan nínú Regionalbahn títí dé Hamburg, mo ń fi ẹnu ara mi kọ́ ara mi bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo rò pé ohun tó ń pa ìyá yìí lẹ́kún ni pé wọn ò tíì rí àwòrán.

Ìyá ìyàwó nìkan ni mo bá nílé. Wọ́n jókòó sí kíṣìnnì, wọ́n ń bó ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Mo ṣí ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹyẹ idì hàn wọ́n. Mo fi ìwọ̀n hàn wọ́n. Mo fi ìka mi wọn ọ̀kan, mo fi wọn èkejì. Wọn ò dá mi dúró, wọn ò sì gbójú kúrò nínú omi ẹ̀wà.

"Ṣé o ti sọ tán?" ni wọ́n bi mí nígbà tó yá.

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Jẹ́ kí díẹ̀ yẹn dúró. Nínú Bíbélì, ta ló mú owó fàdákà wá?"

"Àwọn olórí àlùfáà ni, mà."

"Ta ló gbà á?"

"Júdásì ni, mà."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, nínú ilé yìí, ta ló mú fàdákà wá?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló gbà á?"

Mo la ẹnu, mo tún wo ẹyẹ idì inú ìwé.

"Ìwọ kọ́ ni mo pè ní Júdásì," ni wọ́n wí. "Èmi ni. Èmi àti bàbá rẹ̀. Àwa ni wọ́n kó fàdákà fún kí a lè fa ọmọ wa lé ẹni lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tó ti ń bá mi fi Jámánì sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọ́fíìsì, lọ́dọ̀ dókítà, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lé wa nílé. Mo máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọdé, òun á máa sọ̀rọ̀. Òun ni ẹnu mi nílùú yìí. O wá dìde nínú pálọ̀ mi, o ń pariwo bí owó náà ṣe níyì tó, bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́ sápò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, ah, ó ti parí. A ti gba owó ọmọ yìí."

Omi ń dà lójú wọn, ọwọ́ wọn sì ń bó ẹ̀wà lọ. Mo ti rò pé ẹ̀rù owó ló ń bà wọ́n. Mo ti kó ẹyẹ idì láti Berlin wá bá ìyá tó ń pàdánù ọmọ rẹ̀. Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí. Mo pa ìwé náà dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, mi ò rí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wò mí, bóyá wọ́n ń retí àlàyé. Nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ti abọ́ ẹ̀wà sí àárín wa. Mo ká apá aṣọ, mo sì bá wọn bó o.

A bó ẹ̀wà náà tán láìsọ ohun tó ju "fún mi lómi sí i" lọ. Ibẹ̀ ni bàbá ìyàwó bá wa. Fàdákà náà ṣì wà lápò àyà wọn. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti fi han gbogbo àwọn tó ń to mọ́tò sínú kọ̀ǹténà.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyá ìyàwó wí, "ẹ mú owó yẹn jáde, kí ẹ dá a padà fún ọmọ yìí."

"Ó tì o. Ẹ̀bùn ni. Owó orí ni wọ́n ń dá padà, ẹnikẹ́ni kì í dá ẹ̀bùn padà."

"A ò ta ọmọ nílé bàbá tèmi, wọn ò tà á nílé bàbá tiyín. Ẹ mú un jáde."

Ẹ wo ojú bàbá náà! Wọ́n kọ́kọ́ mú gíláàsì ojú jáde, bí ẹni pé òun ni wọ́n bèèrè. Wọ́n wá mú owó náà, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń fi eyín ara rẹ̀ tọrẹ. Ìyá ìyàwó nu ojú. Wọ́n ní, "Ní báyìí, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Bí mo bá fún ọ lọ́mọ, èmi ni mo fún ọ. Ó yé ọ?" Mo ní ó yé mi, mà. "Bí mo bá sì ní Termin, tí wọ́n dá ọjọ́ fún mi ní ọ́fíìsì tàbí lọ́dọ̀ dókítà, ẹ ó jọ wá." Mo ní a ó jọ wá, mà. Ìyàwó mi, tí kò tíì kó lọ sí Berlin, ti ibi ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ó bá mi ní kíṣìnnì, èèpo ẹ̀wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ist er krank?" Ó ń bèèrè bóyá ara mi ò yá ni. Ìyá rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ ara wa. A ń gbé ní Spandau títí dòní, a sì mú ọ̀rọ̀ Termin ṣẹ kọjá bí a ṣe rò. Iṣẹ́ ọsibítù kì í jẹ́ kí ìyàwó mi ráyè nígbà gbogbo, nítorí náà èmi ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Mo ti bá wọn jókòó ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Hamburg. Mo ti bá wọn jà nítorí omi gbígbóná, nítorí eyín, nítorí àṣìṣe orúkọ. Wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn á gbé báàgì sáyà, bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú, wọn á mi orí. Nígbà kan wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn kan níṣojú mi pé ọkọ ọmọ àwọn lẹ́nu bí ọjà, ṣùgbọ́n pé ó wúlò. Oríyìn yẹn tó mi.

Owó Késárì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì wa, láàárín bátìrì àti kọ́kọ́rọ́ tí a ò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ti kú. Ṣọ́ọ̀bù wọn ti di ibi tí wọ́n ti ń tún èékánná ṣe. Nígbà mìíràn tí mo bá ń wá bátìrì, mo máa ń rí Késárì pẹ̀lú imú rẹ̀ gígùn, mo sì máa ń rò ó pé nínú gbogbo àwọn tí owó náà ti dé iwájú wọn, ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò bèèrè iye tó tó.

A bí ọmọbìnrin kan. Òun náà kan ṣoṣo ni. Ó ti tó lọ sí yunifásítì, Jámánì ló sì fi ń dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá a wí. Láìpẹ́ yìí, ó mú ọ̀dọ́kùnrin kan wálé. Ọmọ dáadáa ni, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, ó na páálí ṣokoléètì sí mi tọwọ́ méjèèjì. Ṣokoléètì lásán ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, mo sì mọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè inú kíṣìnnì Jenfeld tún dún létí mi: ta ló gbà á? Mo ní kó gbé e fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní kó gbé e sórí tábìlì. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e síbẹ̀, òun àti ọmọ wa jókòó díẹ̀, wọ́n sì dágbére pé àwọn méjèèjì fẹ́ jáde lọ wo sinimá. Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, èmi àti ìyàwó mi ṣì jókòó síbẹ̀, páálí náà wà láàárín wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.